Ìdánwò ti parí, họlidé ò tíì dé: bẹ́ ẹ ṣe lè gba ọ̀sẹ̀ méjì yẹn padà fún àwọn ọmọ

Ẹ lọ sí iléèwé l'Ékìtì ní ìparí oṣù keje, ì báà jẹ́ l'Ádó, ì báà jẹ́ n'Íkọ̀lé tàbí Ọ̀mùò, ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ìdánwò ti parí, àwọn tísà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń máàkì, wọ́n ń kọ rìsọ́ọ̀tì, àwọn ọmọ wà ní kíláàsì láìsí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ wọn, àwọn kan ń fi ìdérí kóòkì gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì, àwọn kan ti ń gé koríko láti aago mẹ́jọ, àwọn kan ò tiẹ̀ wá mọ́ rárá torí ìyá wọn ti sọ pé "kí lẹ tún ń lọ ṣe níbẹ̀?" Ẹ má bínú sí ìyá yẹn o, òótọ́ ló sọ, kò sí nǹkan kan tí wọ́n ń lọ ṣe níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná. Ká ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ló ń ṣòfò báyìí lọ́dún, láti ọjọ́ tí ìdánwò parí títí di ọjọ́ tí wọ́n pín rìsọ́ọ̀tì. Láti prámárì wáàn dé síìsì jẹ́ ọdún 6, ọ̀sẹ̀ 12 nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 12, táàmù kan gbáko ni! A ò tíì ka èyí tó ń lọ ní ìparí táàmù kìn-ín-ní àti ìkejì o. Tó bá wá di oṣù kẹjọ àwọn òbí kan náà á tún lọ sanwó họlidé lésìn, kí wọ́n lè kọ́ ọmọ ní ohun tó yẹ kó ti kọ́ níbi tó ti ń gbá ìdérí kóòkì.

Tísà ni mí, prámárì ni mo ń kọ́, mi ò wá bú àwọn ẹgbẹ́ mi. Ẹni tó ní ọmọ 40 ní kíláàsì, tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ 10, ìwé ìdánwò 400 ló wà níwájú ẹ̀ yẹn, kó máàkì ẹ̀ tán, kó fi C.A. (máàkì tẹ́ẹ̀stì àárín táàmù) kún un, kó ro ti táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kó pín in, kó wá ipò tí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú, kó tún wá ọ̀rọ̀ rere kan tó máa kọ sí ìsàlẹ̀ rìsọ́ọ̀tì ẹni ogójì, títí kan èyí tí kò jẹ́ kó gbádùn látọdún tó ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ṣe ìyẹn kó tún máa kọ lésìnnóòtù tuntun. Ìdí nìyẹn tí mo fi wò ó dáadáa pé gbogbo ohun tí mo máa sọ níbí ò gbọdọ̀ fi ìwé ẹyọ kan kún èyí tí tísà ń máàkì. Tó bá ti lè fi kún un, kò ní ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ síbi tọ́rọ̀ wà.

Àǹfààní kan wà nínú ọ̀sẹ̀ méjì yìí tí kò sí nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ yòókù. Láti oṣù kẹsàn-án ni skíímù ti ń lé wa, ọ̀sẹ̀ báyìí ẹ gbọ́dọ̀ ti wọ fírákíṣọ̀n, ọ̀sẹ̀ báyìí ẹ gbọ́dọ̀ ti wọ dẹ́símà, ọmọ gbọ́ o, ọmọ ò gbọ́ o, ẹ ti kọjá níbẹ̀. Ìdánwò wá parí, ẹnikẹ́ni ò lé yín mọ́. Ìgbà yẹn gan-an lẹ lè padà lọ mú ohun tẹ́ ẹ fò. Nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíláàsì tuntun. Àwọn iléèwé aládàáni míì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, kí òbí lè rí i pé àwọn ń ṣiṣẹ́, ọmọ tí 6 times table ò tíì dá lẹ́nu ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìwé kíláàsì iwájú lé lọ́wọ́.

Ọ̀dọ̀ ẹ́dímásítà ló ti máa bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ìdánwò parí ni kó sì ti pinnu ẹ̀, torí tó bá di ọjọ́ kejì ìdánwò kó tó sọ ọ́, àwọn ọmọ ti tú ká nìyẹn. Kó pín àwọn tísà sí méjì. Lónìí, ìdajì wà pẹ̀lú àwọn ọmọ láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ sí mọ́kànlá, wọ́n kó kíláàsì méjì pọ̀, ìdajì yòókù jókòó ti rìsọ́ọ̀tì láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá ń lọ sílé, kẹ́nikẹ́ni má pè wọ́n. Lọ́la wọ́n pàrọ̀. Tísà tó rí odidi ọjọ́ kan jókòó ti ìwé, iṣẹ́ tó máa ṣe á ju ti ẹni tó ń máàkì márùn-ún tó ń dìde lọ jágbe mọ́ ọmọ, tó ń máàkì mẹ́ta míì tó tún dìde. Lẹ́yìn aago mọ́kànlá ni rìhásà, fífọ tábìlì, àti gbogbo wàhálà yòókù. Koríko náà wà níbẹ̀, òjò oṣù keje ò jẹ́ kó sinmi, àmọ́ ẹ mú ọjọ́ kan ṣoṣo fún un, kí gbogbo iléèwé jáde lọ́jọ́ náà kí wọ́n gé e tán. Kì í ṣe ojoojúmọ́ lẹ máa fi àdá kọ́ ọmọ níwèé.

Kí wọ́n sì máa pe rẹ́jísítà títí dọjọ́ tó kẹ́yìn. Àwọn ọmọ ò gọ̀, bí wọ́n bá ti rí i pé ẹ ò perúkọ mọ́, wọ́n ti mọ̀ pé iléèwé ti parí nìyẹn.

Ó yá, kí lẹ máa kọ́ wọn? Ohun àkọ́kọ́ ni ìdánwò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán. Èmi ò rí ìwé kankan lọ́jà tó dára tó ìyẹn, torí ohun tí àwọn ọmọ yín gan-an ò mọ̀ ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹni tó jókòó sí Èkó rò pé wọn ò mọ̀. Ohun tí a sì ń ṣe ni pé a ó máàkì ẹ̀, a ó kọ 43 sí i, a ó dì í, a ó tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù, eku á jẹ ẹ́. Ọmọ náà ò ní mọ ibi tó ti gbà á àti ibi tó ti pàdánù ẹ̀ títí láé.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń máàkì, ẹ fi abala ìwé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí nọ́ńbà àwọn ìbéèrè wà lórí ẹ̀. Gbogbo ìgbà tọ́mọ kan bá kùnà ìbéèrè kan, ẹ fa ìlà kékeré kan síwájú nọ́ńbà yẹn. Ìlà lásán ni, kò gbà yín tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹ́ ẹ bá máàkì tán, ojú yín á ti rí i, ìbéèrè kan á ní ìlà bíi 30 níwájú ẹ̀, òmíràn á ní mẹ́ta. Èyí tó ní mẹ́ta, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó ní 30, kì í ṣe pé àwọn ọmọ ò kàwé, bí a ṣe kọ́ ọ ló lọ́wọ́ nínú. Ẹ mú irú mẹ́ta mẹ́rin bẹ́ẹ̀ nínú ìṣirò, mẹ́ta nínú English, méjì nínú Sáyẹ́ǹsì, ó ti tó yín.

Àwọn kan á sọ pé ìwé ìdánwò ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ tísà kí rìsọ́ọ̀tì tó jáde. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní nílò láti gbé e fẹ́nikẹ́ni. Ẹ kọ ìbéèrè yẹn sójú pátákó, kẹ́ ẹ sì kọ ìdáhùn tí kò tọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wọn kọ síwájú ẹ̀. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni o, ẹ má ní "ọmọ kan tó jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn," wọ́n á mọ̀ ọ́n, kò sì ní dáhùn ìbéèrè mọ́ títí á fi jáde.

Ẹ jẹ́ n fi kan hàn yín. Ìdajì àti ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ rò ó pọ̀: 1/2 + 1/3. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa kọ ni 2/5, wọ́n ro ti òkè mọ́ ti òkè, wọ́n ro ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, ó sì bọ́gbọ́n mu lójú wọn. Tẹ́ ẹ bá kàn ní "kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá L.C.M.," wọ́n á ní yes sà, lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á tún kọ 2/5. Dípò bẹ́ẹ̀ ẹ bi wọ́n pé tí mo bá ní ìdajì iṣu, tẹ́nì kan wá fi iṣu díẹ̀ kún un fún mi, ṣé ó yẹ kí iṣu ọwọ́ mi pọ̀ sí i àbí kó dín kù? Wọ́n á pariwo pé kó pọ̀ sí i ni, ọmọ Èkìtì kì í ṣi ìṣirò iṣu ṣe. Ó dáa, 2/5 ńkọ́, ṣé ó tó ìdajì? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà sí i fúnra wọn, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹnì kan á yà á sórí ìwé, á rí i pé ìdajì márùn-ún ni méjì ààbọ̀, méjì ò tó méjì ààbọ̀, iṣu ti dín kù nígbà tí a fi kún un! Ibẹ̀ ni kíláàsì á ti dákẹ́. Ẹ wá gé iṣu gidi, tàbí kẹ́ ẹ yà á sójú pátákó, sí ọ̀nà mẹ́fà. Ìdajì ẹ̀ jẹ́ ègé mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ jẹ́ ègé méjì, àpapọ̀ jẹ́ ègé márùn-ún nínú mẹ́fà, 5/6. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá sọ fún wọn pé mẹ́fà yẹn gan-an la ń pè ní L.C.M., nọ́ńbà tó kéré jù tí 2 àti 3 jọ lè pín láìṣẹ́kù. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ kọ tuntun míì, 1/4 + 1/2, kí wọ́n jókòó ní mẹ́ta mẹ́ta, ẹni tó mọ̀ ọ́n kan láàárín ẹni méjì tí ò mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ sì pe ẹni tí ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ wá sójú pátákó, kì í ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi gbogbo agbára kọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, torí tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá kùnà ojú máa ti gbogbo wọn.

Ìbéèrè kan láàárọ̀ kan, ó tó. Ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́sàn-án, ìbéèrè mẹ́jọ mẹ́sàn-án.

Ohun kejì ni kíkàwé, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ wà jù fún prámárì. Gbogbo tísà mọ̀ pé àwọn ọmọ kan wà ní prámárì fáìfù tí wọn ò lè ka ìlà méjì já gaara, àmọ́ ìgbà wo la fẹ́ ráyè tiwọn nígbà tí skíímù ń lé wa? Ìgbà yìí ni. Ẹgbẹ́ kan wà ní Íńdíà tó ń jẹ́ Pratham, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Mumbai ní 1995, àwọn ló jẹ́ kí gbogbo ayé mọ ọ̀nà kan tó rọrùn gan-an: ẹ má fi kíláàsì tàbí ọjọ́ orí pín ọmọ, ohun tó lè kà ni kẹ́ ẹ fi pín in. Ẹ pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ìwé kan síwájú ẹ̀: ṣé ó mọ lẹ́tà? Ṣé ó lè ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan? Ṣé ó lè ka ìpínrọ̀ kékeré? Ṣé ó lè ka ìtàn? Ibi tó bá ti dúró ni gírúùpù ẹ̀, ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta ni fún ọmọ kan. Ẹ kó prámárì tirí, fóò àti fáìfù pọ̀, kẹ́ ẹ wá tún wọn pín báyìí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárín táàmù ẹ ò lè dán irú ẹ̀ wò, gbogbo táìmù-tébù á dàrú, àmọ́ táìmù-tébù wo ló kù báyìí?

Gírúùpù lẹ́tà, ẹ gé páálí fún wọn, lẹ́tà kan lórí páálí kan, kí wọ́n máa tò ó: adé, ilé, bàbá, ẹ bẹ̀rẹ̀ lédè Yorùbá, torí ọmọ tó bá ti mọ bí lẹ́tà ṣe ń di ọ̀rọ̀ lédè tó ń sọ nílé, ó máa rọrùn fún un láti bá a lọ sí ti English. Gírúùpù ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tò ó di gbólóhùn. Àwọn tó lè ka ìpínrọ̀, kí wọ́n kà á tán kí wọ́n sọ ọ́ padà lẹ́nu ara wọn láìwo ìwé. Àwọn tó lè ka ìtàn ò ní yọ yín lẹ́nu, ẹ fún wọn ní ìwé kí wọ́n lọ jókòó sábẹ́ igi, kí wọ́n kọ ìparí míì fún un. Tísà tó dáńtọ́ jù lọ, gírúùpù lẹ́tà ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Ẹ mọ̀ pé ìdàkejì ẹ̀ là ń ṣe.

Ojú á ti ọmọ prámárì fáìfù tó bá bá àwọn kéékèèké jókòó, nítorí náà ẹ má pè é ní gírúùpù kìn-ín-ní, ìkejì, ìkẹta. Ẹ fi orúkọ ibi tó wà nílẹ̀ wa pè wọ́n, Ìkògòsì, Àrìnta, Òròlé, Olósunta (tí màmá ọmọ kan bá ní ọmọ tòun ò ní jẹ́ Olósunta torí òkè tí wọ́n ń bọ n'Íkẹ̀rẹ́ ni, ẹ fi Ìfàkì rọ́pò ẹ̀, ẹ má jà).

Tó bá ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mọ́kànlá lù, ẹ kó gbogbo wọn jọ, kí tísà kan ka ìtàn sí wọn létí, orí kan lójúmọ́, kó sì dá a dúró níbi tó ti ń dùn gan-an. Kò sí ohun tó máa mú ọmọ wá síléèwé lọ́la ju kó mọ̀ bóyá ọdẹ yẹn jáde nínú igbó àbí kò jáde. Kẹ́ ẹ fi ìparí ìtàn náà sọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ rìsọ́ọ̀tì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n máa fọwọ́ ṣe, òjò ń rọ̀, ẹ wọn òjò. Ike omi kan tí ara ẹ̀ gún dọ́gba, ẹ gé ọrùn ẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ dojú ọrùn yẹn kọlẹ̀ sínú ẹ̀ kó dà bí àrọ. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ ẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e ṣubú, ẹ bu omi díẹ̀ lé e kó bo òkúta mọ́lẹ̀, ibi tí omi dé yẹn ni òdo. Ẹ lẹ rúlà mọ́ ara ẹ̀ láti ibẹ̀ lọ sókè. Ẹ gbé e sí gbangba, kó jìnnà sí igi àti òrùlé, torí omi tó ń ro láti ara páànù kì í ṣe òjò tó rọ̀ síbẹ̀. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lójoojúmọ́, ọmọ méjì lọ kà á ní mìlímítà, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, wọ́n da omi tó kọjá òdo nù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ẹ ní nọ́ńbà tẹ́ ẹ lè fi ya gíráàfù, tẹ́ ẹ lè fi wá àròpín, ọjọ́ wo ló pọ̀ jù, ọjọ́ mélòó ni ò rọ̀ rárá, òjò ha ti ń dín kù lọ sí August break àbí kò tíì dín kù? Ìṣirò gidi nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa rò pé ìṣirò lòun ń ṣe.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kẹ́ ẹ rán wọn lọ bá àgbàlagbà. Ẹ fún wọn ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó máa dà wọ́n láàmú: báwo ni màmá àgbà ṣe gbé ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta láìṣí kúrò nínú ilé ẹ̀? Màmá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, ìgbà Ìwọ̀-Oòrùn (Western Region, tó padà di Western State) ni wọ́n bí i, nígbà tí Ìbàdàn jẹ́ olú ìlú wa, ní 1976 ó di ará Oǹdó, Àkúrẹ́ ni wọ́n ń lọ fún ohun gbogbo, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996 ó di ará Èkìtì. Ilé kan náà, kànga kan náà. Ọmọ tó bá gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ìyá bàbá ẹ̀, á mọ ìtàn Nàìjíríà ju ẹni tó há 1996 sórí fún ìdánwò lọ. Àwọn tó wà l'Ókèmẹ̀sí lè béèrè nípa Fábùnmi àti ogun Kírìjì, 1877 sí 1893, bí Èkìtì Parapọ̀ ṣe dojú kọ Ìbàdàn, àwọn àgbàlagbà níbẹ̀ ṣì ń sọ ọ́ bíi pé àná ni. Àwọn yòókù lè béèrè bí àdúgbò wọn ṣe gba orúkọ ẹ̀ àti ọba tó wà lórí oyè nígbà tí màmá wà lọ́mọdé. Kí wọ́n bá wọn sọ ọ́ ní Èkìtì o, kì í ṣe Yorùbá inú ìwé. Tí fóònù bá wà nílé kí wọ́n gbà á sílẹ̀, tí kò bá sí kí wọ́n kọ ọ́, ojú ìwé kan.

Ti ọjà náà wà, kóńgò gàárì, kóńgò ẹ̀wà, iye tí wọ́n tà á l'Ọ́jà Ọba lọ́jọ́ Mọ́ńdè àti iye tí wọ́n tà á lọ́jọ́ Fúráídè, ẹ mọ bó ṣe ń lọ, mi ò ní fa ìyẹn gùn.

Rìhásà ńkọ́? Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe prize-giving o, àwọn òbí á lé mi kúrò nílùú. Àmọ́ ọmọ tó ń jó ijó kan náà láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan fún ọjọ́ mẹ́jọ, kí ló kù tí kò tíì mọ̀ nínú ijó yẹn? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn kọ eré tí wọ́n máa ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìtàn màmá àgbà lórí pèpéle dípò ewì tẹ́ ẹ ń há sí wọn lórí látọdún tó kọjá, ẹ lẹ gíráàfù òjò mọ́ ògiri níbi tí àwọn òbí máa gbà wọlé. Òbí tó bá rí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ẹ̀ lára ògiri, lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní béèrè ohun tọ́mọ ń lọ ṣe níléèwé lẹ́yìn ìdánwò.

Sẹ́kọ́ńdìrì yàtọ̀ díẹ̀. SS3 ti lọ nítiwọn, WAEC ti parí, NECO náà ti ń parí lọ. Àwọn SS2 ni kẹ́ ẹ mú, ẹ fún wọn ní ìbéèrè WAEC tọdún tó kọjá kan ṣoṣo ní iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ṣe é láìsí ìbẹ̀rù, kí wọ́n rí ibi tí wọn ò tíì dé nígbà tí odidi ọdún kan ṣì kù. JSS3 tó ti ṣe BECE, tí wọn ò níṣẹ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ́ JSS1 ní ìṣirò, ẹni méjì sí gírúùpù kan. Wọ́n á ṣe bí ọ̀gá, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é, ẹni tó ń kọ́ni ló ń mọ̀ ọ́n jù.

Ẹ̀yin òbí náà, ó kàn yín. Lọ́jọ́ tí ìdánwò bá parí, ẹ pe tísà tàbí kẹ́ ẹ yà síbẹ̀, ẹ bi í tẹ̀rín tẹ̀rín pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, kí lẹ máa ní káwọn ọmọ máa ṣe láti Mọ́ńdè?" Ìbéèrè yẹn nìkan ti tó. Tí òbí mẹ́wàá bá bi í, iléèwé á wá nǹkan ṣe. Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ mú ọmọ lọ sóko, mi ò dá yín lẹ́bi, àgbàdo ti gbó, ọwọ́ ò tó, àmọ́ ẹ mú un lọ lọ́sàn-án lẹ́yìn iléèwé tàbí ní Sátidé. Kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ìwé nóòtù ọdún yìí sọ́kàn. Ní ilé púpọ̀, tí rìsọ́ọ̀tì bá ti jáde báyìí, ìyá alákàrà ti ń dúró dè é, ọ̀sẹ̀ kejì ẹ máa ra àkàrà tí wọ́n fi nóòtù ìṣirò ọmọ yín pọ́n. Ẹ tọ́jú ti ìṣirò àti English, ó kéré tán títí di Kérésìmesì, ibẹ̀ ni ọmọ máa padà sí nígbà tí kíláàsì tuntun bá le.

Họlidé fúnra ẹ̀ ń jẹ nínú ohun tọ́mọ mọ̀. Ní 1996 Harris Cooper àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n rí i pé ìmọ̀ tí àwọn ọmọ ń pàdánù nígbà họlidé gígùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti oṣù kan, ìṣirò ló sì máa ń ṣí lọ ju ìwé kíkà. Họlidé tiwọn gùn ju tiwa lọ, àwọn kan sì ti bá a jiyàn nípa iye ẹ̀, àmọ́ tísà wo ni ò mọ̀ ọ́n ní oṣù kẹsàn-án? Tí ọmọ bá wá ti dá ìwé dúró lọ́sẹ̀ méjì kí họlidé tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti bá a fi kún họlidé nìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí mo sọ yìí pọ̀ jù fún iléèwé yín, tó jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ rí, ẹ fi òjò, ọjà àti ìtàn sílẹ̀. Ọjọ́ kìíní, ìbéèrè ìṣirò tó ní ìlà jù lọ. Ọjọ́ kejì, ti English. Ọjọ́ kẹta, ẹ dán wọn wò lórí ìwé kíkà, lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀, ìtàn, kẹ́ ẹ kọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró síwájú orúkọ ẹ̀. Abala ìwé ọjọ́ kẹta yẹn àti abala tẹ́ ẹ fa ìlà sí, ẹ má tọ́jú ẹ̀ sílé. Tísà tó máa gba kíláàsì yẹn lóṣù kẹsàn-án ló ni í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fi gbogbo táàmù kìn-ín-ní wá ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀. Àwọn kan máa ń fún un lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìpàdé, ó máa ń sọnù. Ẹ kọ ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹ́dímásítà, kẹ́ ẹ sì lẹ èkejì mọ́ ẹ̀yìn rẹ́jísítà, torí inú rẹ́jísítà yẹn ni tísà tuntun náà ti máa da orúkọ àwọn ọmọ kọ sínú tuntun.